Òkè Ìdànrè lóṣù kẹrin: ẹ tètè gùn ún, ẹ tètè sọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kúrò ní Àkúrẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kẹ́ ẹ gun òkè Ìdànrè, kẹ́ ẹ wá yà kúrò lórí àtẹ̀gùn lọ rìn lórí àpáta lẹ́yìn ìlú àtijọ́ tó wà lókè níbẹ̀: lóṣù kẹrin kọ́ o. Kí aago 7 àárọ̀ bá yín nísàlẹ̀ òkè, kẹ́ ẹ sì ti sọ̀ kí aago 1 tó lù.

Òjò àsìkò yìí kì í dá rìn, tòun ti ìjì àti àrá ni. Oòrùn á ti yan ilẹ̀ látàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán lọ sí ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run á ṣú. Ìhà ìlà-oòrùn ló sábà ń gbà wá, torí náà ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ibẹ̀ bá dúdú, tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, tí atẹ́gùn tútù wá ṣàdédé fẹ́ lù yín, ó ti dé nìyẹn. Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀.

Àpáta kì í mu omi. Ojú ẹsẹ̀ ni òjò ń ṣàn lọ lórí ẹ̀, ibi tó sì ń gbà ni àwọn ilà dúdú tẹ́ ẹ máa rí yẹn. Tó bá gbẹ, ẹsẹ̀ ń dúró lórí ẹ̀. Tí omi bá kàn án, á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọ̀rẹ́ wa kan fi sìlípáàsì tẹ̀ ẹ́ lóṣù karùn-ún. Igi kékeré kan tó hù nínú sísán àpáta ló dá a dúró. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ méjèèjì bó, orúnkún ẹ̀ wú débi pé ṣe la pọ̀n ọ́n sọ àtẹ̀gùn náà, èyí tó lé ní 600! Ilẹ̀ ti ṣú ká tó délẹ̀.

Ní ti àrá: bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá 3 tó nǹkan bíi kìlómítà 1. Bó bá sán kẹ́ ẹ tó ka 30, ó ti sún mọ́ jù. Ẹ kúrò lórí gbalasa, ẹ wá ibi tó rẹlẹ̀ tí igbó kéékèèké wà. Ẹ má di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró tàbí abẹ́ àpáta tó yọrí síta. Abẹ́ àpáta lè gbà yín lọ́wọ́ òjò, kò lè gbà yín lọ́wọ́ àrá. Àwọn tó ń pariwo pé kẹ́ ẹ pa fóònù, ẹ má dá wọn lóhùn. Fóònù kì í pe àrá.

Ìgbà ọyẹ́ dáa fún ẹsẹ̀, kùrukùru ló kàn lè bo ìlú mọ́ yín lójú.

Bí òjò bá dá, ẹ má tíì mira. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá gba orí àtẹ̀gùn sọ̀. Ẹ má gba àbùjá orí àpáta, ẹni yòówù kó ní òun mọ̀ ọ́n.