Tẹ̀tẹ̀ mi kú, ewédú mi kò hù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo ń gbé. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, oòrùn mú fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ni mo bá gbé ata rodo àti tẹ̀tẹ̀ tí mo ti gbìn sínú ike lójú fèrèsé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn ti dúdú, wọ́n rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀. Ewédú tí mo fọ́n sílẹ̀ kò tilẹ̀ yọjú. Ṣé ilẹ̀ ibí kò gba ẹ̀fọ́ wa ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ilẹ̀ gbà á, ẹ yá jù ni. Ìrì dídì ló pa wọ́n. Oòrùn ọ̀sán oṣù kẹrin lè mú kéèyàn bọ́ súwẹ́tà, ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀run bá mọ́ gaara lálẹ́, ooru ilẹ̀ á fò lọ, omi inú ewé á dì, á sì fọ́ ewé náà látinú. Lọ́dọ̀ yín, irú òru bẹ́ẹ̀ ṣì lè wáyé títí dé ìparí oṣù karùn-ún. Nílé, òjò àkọ́rọ̀ là ń retí ká tó gbìn. Níbí, òtútù òru la máa ń ṣọ́.

Tẹ̀tẹ̀ ni kò ní dá yín lágara. Ẹ dúró di ìgbà tí oṣù karùn-ún bá ń parí lọ, kí ilẹ̀ ti gbóná tó nǹkan bí 18°C. Ẹ po hóró rẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù jọ, ẹ wọ́n ọn, kí ẹ bu erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ti ń já a. Orí rẹ̀ ni kí ẹ já, ẹ má fà á tu, á tún yọ ẹ̀ka.

Ti ewédú kì í ṣe òtútù nìkan. Èèpo hóró rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ yọ ọ́ kíá sínú omi tútù. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ pẹ́ ti sè é nìyẹn. Kí n má tàn yín, níta gbangba ní Manchester, ewédú kì í ṣe dáadáa. Inú ilé gíláàsì ló yẹ ẹ́.

Ata rodo kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin hóró rẹ̀ nísinsìnyí. Oṣù kìíní tàbí ìkejì ló yẹ kó wọ ike, torí ó ń pẹ́ kó tó so. Ẹ ra èyí tó ti hù. Kí ẹ tó gbìn ín síta, ẹ máa gbé e jáde lọ́sàn-án, kí ẹ máa gbé e wọlé lálẹ́, fún bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Bí ilẹ̀ òfìfo bá ń dùn yín, ẹ gbin àlùbọ́sà tàbí kábéèjì sí i ná. Àwọn yẹn fara da òtútù.

Ẹ sì ra tọ́ọ̀ṣì. Ìgbín tí kò ní ìkarahun á rí tẹ̀tẹ̀ yín kí ẹ̀yin fúnra yín tó rí i. Bó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ jáde lọ ṣà wọ́n.