Ẹ Kọ́kọ́ Ra Ìwé Kí Ẹ Tó Ra Sìmẹ́ńtì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní màlúù 25 ní Mọ́níyà, ẹ béèrè bóyá kí ẹ kọ́ kànga gáàsì báyìí, ìyẹn kòtò tí a bò, tí ìgbẹ́ ẹran ti ń di gáàsì ìdáná nínú rẹ̀, nítorí ẹ gbọ́ pé ìjọba yóò bu owó orí lé methane, gáàsì tí ń mú ayé gbóná, tí màlúù ń tú jáde, yóò sì sanwó fún ẹni tí ó bá dín in kù. Mo kọ́ irú kànga bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Akínyẹlé ní 2022, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jiná lára mi.

Ní ti owó orí, ẹ fọkàn balẹ̀. Dẹ́ńmáàkì ni ó ti fọwọ́ sí i: 300 króònà (owó wọn) lórí tọ́ọ̀nù kan gáàsì tí a ṣírò bí carbon dioxide láti 2030, 750 ní 2035, pẹ̀lú ẹ̀dínwó ńlá fún àgbẹ̀. New Zealand dá irú rẹ̀ lábàá, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ pa á tì ní 2024. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn methane ti Glasgow ní 2021, pé kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀ dín in kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kí 2030 tó parí. A ṣe Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ lọ́dún kan náà, a sì dá ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní 2024. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, n kò rí èyí tí ó bu owó orí lé màlúù, tàbí tí ó sọ iye tí àgbẹ̀ Akínyẹlé yóò gbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ni wọ́n pè wá sí ìpàdé, tí wọ́n ní ẹni tí ó bá kọ́ kànga yóò gbowó lórí gbogbo gáàsì tí kò jẹ́ kí ó gòkè lọ. Mo ta abo màlúù mẹ́ta tí mo ń fún wàrà lára wọn, mo yá owó kún un ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo kọ́ ọ, gáàsì sì jó. Ó di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó padà wá, wọ́n sì bi mí pé ibo ni mo ń da ìgbẹ́ sí tẹ́lẹ̀, kílò mélòó ni lójúmọ́, àti pé ibo ni mo kọ ọ́ sí. N kò kọ ohunkóhun. Mo ní mo máa ń fọ́n ọn ká sórí ilẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó là mí lóye pé ìgbẹ́ tí oòrùn gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú methane jáde, pé èyí tí ó wà nínú kòtò olómi tí atẹ́gùn kò dé ni ó ń mú un jáde púpọ̀, àti pé nítorí náà kò sí ohun tí kànga mi dín kù tí wọ́n lè kà. Kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé? Wọ́n ní ó wà nínú ìwé. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹrin: lẹ́ẹ̀mejì ọ̀gá kò sí níjokòó, ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n ní ètò náà ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fìgbà kan sọ fún mi pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú methane màlúù kì í ti inú ìgbẹ́ wá. Ẹnu rẹ̀ ni ó ń gbà jáde nígbà tí ó bá gùfẹ̀, bí koríko ti ń kẹ̀ nínú ikùn rẹ̀. Kànga kankan kò lè mú ìyẹn.

Kíkọ́ rẹ̀ kò le: ẹ wá bírìkìlà tí ó ti kọ́ ọ rí, ẹ po ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ omi, ẹ bò ó, ẹ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ láti kó o, bí ó tilẹ̀ ti ṣófo. Òṣìṣẹ́ mi kan dákú síbẹ̀, okùn ni a fi fà á jáde, mo sì ń rántí ojú rẹ̀ títí di òní. Bákan náà, bí ẹnìkan bá gbé ìwé wá pé òun fẹ́ ra ẹ̀tọ́ kábọ́ọ̀nù oko yín (ẹ̀tọ́ láti gbowó lórí gáàsì tí oko yín bá dín kù) fún ogún ọdún, ẹ má fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò kà á.

Oúnjẹ ẹran ni n bá kọ́kọ́ nawó lé. Màlúù tí ó ń jẹ koríko gbígbẹ kì í tètè dàgbà, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún gùfẹ̀ kí ó tó tó tà. Àwọn onímọ̀ ILRI (ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn lágbàáyé) tí wọ́n wà ní ọgbà IITA (ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Ìbàdàn níbí ti fi hàn bí a ṣe ń rin èèpo ẹ̀gẹ́, tí a ń fún omi rẹ̀ kúrò kí a tó sá a, kí ó lè di oúnjẹ ẹran. Èyí yóò mú èrè wá, yálà òṣìṣẹ́ ìjọba dé tàbí kò dé.

Láti alẹ́ òní, ẹ máa kọ iye ẹran, ọjọ́ orí wọn, wàrà, ìwọ̀n ìgbẹ́ àti ibi tí ẹ dà á sí sínú ìwé, kí ẹ sì ya fọ́tò ibẹ̀ pẹ̀lú déètì. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kànga lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ kékeré, kí ẹ sì fi owó gáàsì ìdáná tí ẹ ń rà lóṣooṣù nìkan ṣírò èrè rẹ̀.