Ṣé ẹ̀ka tí ò so èso ni mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o màmá wa. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, èlùbọ́ ni mò ń tà l'Ọ́jà-Ọba n'Ílọrin níbí. Ó ti pé ọdún 12 tí mo ti fayé mi fún Jésù, mi ò tíì mú ẹnì kankan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ́ńdè tó kọjá wọ́n wàásù pé ẹ̀ka tí ò bá so èso, gígé ni wọ́n máa gé e, àtìgbà yẹn mi ò rí oorun sùn. Mùsùlùmí ló yí mi ká lọ́jà, a sì jọ ń ṣe é dáadáa, Àlájà ẹ̀gbẹ́ mi tiẹ̀ máa ń já kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lé mi lọ́wọ́ tó bá fẹ́ lọ kírun, àmọ́ mi ò rí ẹyọ kan mú wá nínú wọn. Ṣé mi ò wúlò fún Ọlọ́run ni? (Ẹlẹ́lùbọ́, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Jòhánù 15 ni wọ́n kà fún ẹ yẹn, wọn ò kà á dé ìsàlẹ̀ ni. Ẹsẹ 4 sọ pé ẹ̀ka ò lè dá èso so fúnra ẹ̀ àfi tó bá ń gbé inú àjàrà. O ṣáà mọ oko kajú lápá ọ̀dọ̀ yín, ṣé ẹ̀ka ń làágùn kó tó so ni? Ara igi ni oje ti ń wá. Pọ́ọ̀lù náà, nínú Gálátíà 5, "iṣẹ́" ló pe ti ara, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ti Ẹ̀mí, ó ní "èso", ó wá ka mẹ́sàn-án, ìfẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu ló fi parí ẹ̀, kò sí iye èèyàn níbẹ̀ rárá.

Kọ́kọ́rọ́ tó o fẹnu ara ẹ dárúkọ yẹn gan-an ló mú mi lọ́kàn. Owó ọjà ń bẹ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìwé àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ń bẹ níbẹ̀, Àlájà sì ń já a lé ẹ lọ́wọ́, ó ń lọ kírun, kò wẹ̀yìn. Ohun keje tí Pọ́ọ̀lù kà nìyẹn, kéèyàn ṣeé fọkàn tán. Ọdún mélòó ló fi ń so kó tó pọ́n báyìí?

Mi ò ní kó o má sọ̀rọ̀ Jésù o, sọ ọ́. Ibi tí màá fẹ́ kó o yẹ ara ẹ wò ni kóńgò tó o fi ń wọn èlùbọ́, àti bó o ṣe ń bá ọmọ tó ń bá ẹ tajà sọ̀rọ̀ tóòrùn bá ti mú. Tọ́rọ̀ líle bá ti jáde, bẹ ọmọ náà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí Àlájà bá sì bi ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ò fi mú nínú owó òun rí, dárúkọ Jésù fún un.