Káàdì àjọ ni mo fi wọ iṣẹ́ kajú

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ó ti pé ọdún 11 tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì Kẹrin nílé ìwé aládàáni kan ní Ọ̀yọ́, pé owó oṣù ibẹ̀ ò ká nǹkan kan mọ́. Ẹ ti wáṣẹ́ dé ilé ìwòsàn aládàáni kan, ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù, àti ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún yín níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ ò nírìírí. Ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ padà sílé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, torí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi náà títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ gbígba àjọ ni mo ṣe láti 2014. Báǹkì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní microfinance, ló gbà mí. Láàárọ̀ màá gbé báàgì kọ́rùn, ó di Tákìé, ó di Ọjà Jagun, ó di Sábó. Oníbàárà mi tó 210. Ẹ mọ káàdì àjọ: ilé 31 ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Ẹlòmíì ń dá ₦200, ẹlòmíì ń dá ₦1,000, ẹlòmíì á fo ọjọ́ mẹ́ta, á wá san án pọ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, owó inú báàgì, káàdì àti lẹ́jà gbọ́dọ̀ bára mu kí n tó lọ sílé. Bí ₦50 bá dín, inú owó oṣù mi ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Owó tuntun ò dé, ti àtijọ́ ò ṣeé ná. Owó wọ́n bí ojú. Ìyá tó kó tòmátì jókòó tí kò rẹ́ni rà á, kí ló máa fi dá àjọ? Báàgì òfìfo ni mo ń gbé padà sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù fi máa dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún, báǹkì wa ti ní kí àwa méje máa lọ sílé.

Mo kọ CV. Òkè téńté ni mo kọ ọ́ sí pé agbàjọ ni mí, ọdún mẹ́sàn-án. Ibi 14 ni mo fi sílẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló pè mí, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé kí ni mo lè ṣe fún àwọn. Mo ní, "Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, sà, mo lè ṣe é." Ó pa ìwé mi dé, ó ní àwọn máa pè mí. Wọn ò pè mí títí dòní.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ìdáhùn yẹn bà jẹ́. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́, tí a bá ní a ní oògùn gbogbo àìsàn lọ́wọ́, kò ní rà á. Ọ̀gá yẹn ní ohun tó ń dùn ún nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀. Mi ò béèrè ẹ̀, mi ò sì dárúkọ ohun kan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe débi tó fi máa lè rí i pé ó kan òun.

Ìyá kan tó ń ta ata rodo ní Ọjà Jagun ló là mí lójú. Mo ti ń gba àjọ wọn láti 2015, mo wá kí wọn lásán ni. Wọ́n ní àbúrò àwọn ọkùnrin ń ra kajú, pé àwọn éjẹ́ǹtì ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán, kò tiẹ̀ mọ ẹni tó jẹ ẹ́ mọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ gbèsè gbogbo ọjà yìí lórí, ṣé o ò lè bá a wò ó ni?"

Àǹtí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Agbàjọ ni mo ń pe ara mi. Àwọn tí mo kọ CV sí náà, agbàjọ ni wọ́n rí, wọn ò sì nílò agbàjọ. Ìyá aláta ló pe iṣẹ́ mi ní orúkọ tí ẹlòmíì lè fowó rà: ẹni tó mọ iye tó wà lọ́wọ́ ta ni, tí kì í gbàgbé, tó sì lè béèrè owó lọ́wọ́ èèyàn láì bá a jà.

Sítọ́ọ̀ àbúrò wọn wà lọ́nà Ìlọrin. Ìgbà kajú kì í pẹ́, láti nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ló mọ. Nítorí náà ọ̀gá á ti kówó fún àwọn éjẹ́ǹtì sílẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀kadà wọ Ìkòyí-Ilé, Ajáàwà, Ìrẹsà-Adú, wọ́n á ra kóró lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á kó àpò wá. Ìwé ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójúmọ́. Tí ọ̀gá bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì kan, àfi kó ṣí ojú ìwé 40, kó máa fi ìka wá orúkọ ẹni yẹn láàárín orúkọ àwọn tó kù.

Mo ra páálí funfun ní Tákìé, mo gé e sí 19, torí éjẹ́ǹtì 19 ni wọ́n. Mo fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, owó tó gbà, àpò tó kó wá, ìwọ̀n, ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Káàdì àjọ náà ni, àfi pé níbí, owó ń jáde kó tó wọlé. Éjẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i, ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka, bí àwọn ìyá ọjà ṣe ń ṣe fún mi. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kó gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ńlá náà sórí káàdì. Ó hàn pé ₦1,140,000 wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta péré. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti bàbá kan tí wọ́n ti ń pè ní olè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àpò mẹ́sàn-án tí bàbá kó wá, abẹ́ orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo fi ojú ìwé náà han ọ̀gá. Ó ránṣẹ́ pe bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n níṣojú gbogbo àwọn tó ń di àpò.

₦2,000 lójúmọ́ ni mo ń gbà. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti wọlé.

Ẹ má wá rò pé káàdì nìkan ti tó o. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá rìnrìn àjò, èmi ni mo gba àpò 12 wọlé. Ìwọ̀n pé, mo kọ ọ́, mo fowó sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé kóró náà tutù, wọn ò sá a. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ tí wọ́n sá a fún ọjọ́ mélòó kan, ó dín ní nǹkan bí kìlò 90. Owó omi ni mo san. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 22 lọ ló ń yẹ ọjà wò níbẹ̀. Mo lọ bá a láàárọ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó kọ́ mi. Ó fi kóró méjì sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n mì wọ́n létí. Èyí tó gbẹ ń ró kẹ́kẹ́ nínú èèpo ẹ̀, èyí tó tutù ò dún. Ó wá wọn kìlò kan, ó ka iye kóró tó wà nínú ẹ̀, ó gé wọn sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣa èyí tó funfun sọ́tọ̀, ó ṣa èyí tó ní àmì sọ́tọ̀, èyí tó ti bàjẹ́ pátápátá náà lọ́tọ̀, ó sì wọn wọ́n. Ohun tó ń wá ni wọ́n ń pè ní KOR, ìyẹn ìwọ̀n ọmọ inú kajú tó ṣeé lò, ní pọ́n-ùn, tí a máa rí nínú àpò kìlò 80. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn tó ń rà á ní ọ̀pọ̀ fi ń dá owó lé e. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá a gé kóró. Oje èèpo kajú bó mi ní ìka, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá éjẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó bi mí mọ́ bóyá mo mọ iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo fi ń sọ fún yín nìyẹn pé kẹ́ ẹ má tíì sanwó fọ́ọ̀mù. Ìmọ̀ tó kù fún mi, ọ̀sẹ̀ kan ni, lọ́wọ́ ọmọ tí mo lè bí. Ká ní mo ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún méjì, mi ò bá má kọ́ bí wọ́n ṣe ń mi kóró létí.

Oṣù Kẹfà dé, kajú tán, iṣẹ́ tán. Ẹ̀bi mi ni, mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn kajú kí n tó gba iṣẹ́ náà. Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi fi bọ́ wa. Ẹ béèrè ìyẹn níbikíbi tẹ́ ẹ bá dé, pàápàá ibi tó bá jẹ mọ́ ọjà oko.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nínú oṣù mẹ́rin yẹn ni mo fa CV àtijọ́ ya, tí mo kọ ojú ìwé kan ṣoṣo. Mi ò kọ orúkọ iṣẹ́ sókè mọ́. Ìṣòro tí mo bá níbẹ̀ ni mo kọ, ohun tí mo ṣe sí i, iye tó jáde, àti nọ́ńbà ọ̀gá tí wọ́n lè pè. Nígbà tí sóyà dé nínú oṣù Kẹwàá, mo gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ra sóyà àti àgbàdo. Mánéjà bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí gẹ́lẹ́, pé kí ni mo lè ṣe fún àwọn. Mo ní, "Tí ẹ bá ń kówó fún éjẹ́ǹtì sílẹ̀, mo lè jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sùn lálẹ́. Mo ti ṣe é fún èèyàn 19." Ó ní tí ìwọ̀n orí káàdì bá yàtọ̀ sí ti sítọ́ọ̀ ńkọ́? Mo ní a ò ní tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà títí a ó fi rí ibi tó ti yàtọ̀. Ó fa àga sún mọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo wà dòní, èmi ni mò ń bójú tó sítọ́ọ̀ méjì.

Ó wá ku tiyín. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí òfin ti dí ẹnu ọ̀nà wọn, mi ò ní tàn yín. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò lè di nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi sọ̀fíyọ̀, ẹ ṣáà mọ àwọn tó ń kàwé ní Federal School of Surveying tó wà ní Ọ̀yọ́ yín. Kódà ìtọ́jú fáìlì aláìsàn nílé ìwòsàn ìjọba ní ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ tiẹ̀. Tó bá jẹ́ irú ìyẹn lẹ fẹ́, ẹ lọ kàwé, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ibi tábìlì tí wọ́n ti ń gba aláìsàn wọlé nílé ìwòsàn aládàáni, tí wọ́n ti ń gbowó, tí wọ́n ti ń tu ìbátan aláìsàn nínú, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ wo ohun tọ́wọ́ yín ń ṣe. Ẹ ń máàkì rẹ́jísítà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ẹ ń ṣírò ẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àti ní òpin táàmù, fún ọdún 11. Ẹ ń pín iṣẹ́ táàmù kan sí ọ̀sẹ̀, ẹ sì ń parí ẹ̀ lásìkò. Bàbá ọmọ tó fi ìbínú wọlé torí èsì ìdánwò, ẹ̀yin lẹ ń bá a sọ̀rọ̀ tó fi ń rọlẹ̀. Ilé ìwòsàn tí fáìlì ti ń sọnù, tí àwọn èèyàn ti ń pariwo níbi tí wọ́n ń jókòó sí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá. "Olùkọ́" tẹ́ ẹ kọ sókè ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Kẹ́ ẹ tó tún kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ẹ wá ẹnì kan tó wà nínú irú iṣẹ́ náà, ẹ bi í ní ohun tó ń fún wọn ní wàhálà jù láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tó ń lò, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lẹ máa fi kọ ojú ìwé kan tiyín. Ẹ ní ìyá ọmọ kan wà ní kíláàsì yín tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn wọlé nílé ìwòsàn kan. Wọ́n ti rí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ ọmọ wọn, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Ẹ lọ bá wọn lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ, kí táàmù yìí tó parí, torí tí ilé ìwé bá ti wọ ìsinmi, ẹ ò ní rí wọn mọ́ títí di oṣù Kẹsàn-án.