Kí Ló Dé Tí Tòmátì Tí Mo Gbìn Sínú Ilé Fi Ga Tẹ́ẹ́rẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí mò ń gbé máa ń tutù gan-an, yìnyín kì í tètè tán nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbin tòmátì, ata àti kùkúńbà sínú ilé kí ìgbà ìrúwé tó dé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo tò wọ́n sí. Wọ́n tètè hù, àmọ́ ṣe ni wọ́n ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí gbogbo wọn tẹ̀ sápá ibi tí gíláàsì wà. Àwọn kan tiẹ̀ ti ṣubú, ìdí wọn rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ṣé omi ni kò tó wọn ni, àbí ajílẹ̀? Ṣé wọ́n ṣì ṣeé gbà là?

Ìdáhùn: Kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe ajílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìkankan kún un. Ebi ìmọ́lẹ̀ ló ń pa wọ́n.

Lásìkò òtútù, ọ̀sán kúrú, oòrùn kì í sì í gòkè púpọ̀. Fèrèsé tó mọ́lẹ̀ rekete lójú tiwa, bí òkùnkùn ló ṣe rí lára ewéko. Tí yàrá bá wá móoru, ooru á máa ti irúgbìn pé kó dàgbà, ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi kọ́ ara rẹ̀ kò sì sí. Ló bá ń na ọrùn wá a kiri.

Ohun tó ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé ohun tí hóró ń fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí irúgbìn tó ti hù ń fẹ́. Hóró tòmátì fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tó lọ́wọ́ọ́rọ́, bíi 21 sí 27 °C, ata tún fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe nígbà yẹn. Gbàrà tó bá ti yọjú báyìí, nǹkan ti yí padà. Ẹ ṣí ọ̀rá tí ẹ fi bò ó kúrò, ẹ gbé e kúrò níbi ooru, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ iná mànàmáná lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà yẹn, 18 sí 20 °C lọ́sàn-án ti tó o, kó tutù díẹ̀ sí i lálẹ́. Tí wọ́n bá dàgbà níbi tó tutù díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀, ọ̀pá wọn máa ń ki.

Iná náà kò ní láti jẹ́ olówó ńlá. Gílóòbù LED funfun tó lágbára ti tó. Ẹ gbé e kọ́ sókè irúgbìn ní nǹkan bíi 15 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kó wà ní títàn fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, kí ẹ sì pa á lálẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ga, ẹ máa gbé e sókè. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ wọn jẹ́jẹ́ náà ń mú kí ọ̀pá wọn le. Kódà, tí ẹ bá ń fi ọwọ́ ra wọ́n lórí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni.

Àwọn tó ṣubú ní tiwọn, àrùn ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí bíi Pythium ló ń jẹ wọ́n nídìí, iyẹ̀pẹ̀ tó tutù, tí omi sì rin gbingbin, ni wọ́n fẹ́ràn. Àwọn yẹn ti lọ. Ẹ kó wọn dànù tiyẹ̀pẹ̀tiyẹ̀pẹ̀. Fún àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí ojú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ sì ti fún wọn mu: ẹ gbé ìkòkò wọn sínú abọ́ omi fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Abọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún lò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì ìwọ̀n kan sí omi mẹ́sàn-án, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa.

Tòmátì tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ rọrùn láti gbà là. Tó bá ti yọ ewé gidi, ìyẹn èyí tó ń tẹ̀ lé ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ, ẹ ṣí i sínú ìkòkò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹ ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé. Gbòǹgbò yóò yọ lára ọ̀pá náà. Ewé ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ fún un lọ́rùn. Ata kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbìn ín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ti kùkúńbà, ẹ tún òmíràn gbìn. Kò fẹ́ kí wọ́n máa da gbòǹgbò òun láàmú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló sì nílò nínú ilé.

Ó dà bíi pé ẹ tiẹ̀ yára jù. Ẹ ṣírò sẹ́yìn láti ìgbà tí ìrì dídì máa ń dáwọ́ dúró ládùúgbò yín: ata, ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, tòmátì, 6 sí 8. Èmi yóò mú tòmátì ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tó ki ju ọlọ́sẹ̀ méjìlá tí gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra nínú ìkòkò.

Ẹ má sì gbé wọn láti inú ilé bọ́ sí oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí kan tàbí méjì lábẹ́ ibòji lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, kí òru sì ti máa ju 10 °C lọ kí tòmátì tó sùn síta. Ewé tó bá di funfun, oòrùn ló jó o. Ẹ dá wọn padà síbi ibòji fún ọjọ́ mélòó kan, ewé tuntun á yọ.