Ẹ Bi Wá: Ìdí Písà Tó Ń Rọ̀ Pẹ̀tẹ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Fúrù gáàsì ni mo ní nílé. Bí mo bá yan písà, orí rẹ̀ á pọ́n, àmọ́ ìdí rẹ̀ á funfun, á rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?*
Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì. Ooru ìsàlẹ̀ ni kò tó, omi sì pọ̀ jù lókè. Ní Naples, nílẹ̀ Ítálì, ààrò onígi tó gbóná ju digirí 430 lọ ni wọ́n ń lò, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ò sì ní pé tí písà á fi jinná. Fúrù ilé kì í sábà kọjá 250. Irin ló máa bá yín kó ooru jọ. Ẹ dojú àwo irin yín tó nípọn jù lọ dé sínú fúrù, ní ìpele ìsàlẹ̀, ẹ ṣí gáàsì dé òpin, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú 10 táwọn èèyàn ń lò, afẹ́fẹ́ inú fúrù nìkan ló ń gbóná, irin ṣì tutù. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà irú ti Faransé ló wà lójú fúrù yín, 8 jẹ́ nǹkan bíi digirí 240, 7 jẹ́ 210.

Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ sórí pátákó, orí rẹ̀ ni kí ẹ ti to písà. Kí ẹ tó ṣí fúrù, ẹ mi pátákó náà. Bí písà ò bá rìn, ibì kan ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé etí rẹ̀ sókè, kí ẹ wọ́n ìyẹ̀fun sábẹ̀. Ẹ wá yọ̀ ọ́ sórí irin gbígbóná náà. Ìṣẹ́jú 8 sí 10 ti tó o.

Ó ku omi. Tòmátì tútù tí ẹ kàn lọ̀ á sọ ìyẹ̀fun di ẹ̀kọ. Ẹ là á sí méjì, ẹ fún hóró àtomi rẹ̀ dànù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é láìdé e títí tí ṣíbí á fi fa ìlà nídìí ìkòkò tí ìlà náà ò ní pa dé kíá. Ṣíbí ọbẹ̀ 4 tó fún písà kan. Ẹ dín alùbọ́sà àti tàtàṣé díẹ̀ kí ẹ tó tò ó, kí ẹ má sì kó gbogbo ọjà Wàǹdó lé písà kan lórí.

*Mo po ìyẹ̀fun lálẹ́, mo bò ó dàárọ̀. Mo bá a tó ti wó, tó ń rùn bí ọtí. Báwo ni kí n ṣe wọ̀n ọ́n?*
Òǹkàwé yín ní Kétu

Ooru ilé wa yìí ló lé ìwúkàrà léré. Ìyẹ̀fun àlìkámà giráàmù 500, omi fírìjì 310, ìwúkàrà gbígbẹ 2 (ṣíbí tíì kan tí kò kún), iyọ̀ 10, òróró 15. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò, ife ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ po ìyẹ̀fun, omi àti ìwúkàrà pọ̀, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó fi iyọ̀ àti òróró sí i. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a pa dà, títí ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá fa díẹ̀ láàárín ìka: bó bá fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá láìya, ó ti tó. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ dé e sínú abọ́ olóróró, inú fírìjì ni kó sùn, fún wákàtí 24.

Ẹ gbé e síta ní wákàtí kan kí ẹ tó yan án. Bí ẹ bá ń tẹ́ ẹ tó ń sún kì, ẹ má bá a jà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Ìka ni kí ẹ fi tẹ́ ẹ, láti àárín lọ sí etí. Bí ẹ bá fi ìgò yí i, á tẹ gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, etí písà ò sì ní wú.

*Ṣé mo lè fi wàgàṣì ṣe é?*
Bàbá Àkànkẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ lè fi ṣe é, Bàbá, ẹ kàn má retí kó yọ́. Orí iná ni àwọn Fúlàní ti ń fi omi bòmubòmu dì í, wàrà tí ooru bá sì dì bẹ́ẹ̀, ooru ò lè yọ́ ọ mọ́. Òun ló fi ń dúró digbí nínú ọbẹ̀. Bó bá wà nínú fúrù látìbẹ̀rẹ̀, á gbẹ bíi páálí. Fún písà kan, ẹ rin mozzarella gbígbẹ (wàràkàṣì Ítálì tó ń yọ́) giráàmù 80 sí i, ẹ wó wàgàṣì 40 wẹ́wẹ́, ẹ fi òróró pa á, ẹ wọ́n ọn lé e ní ìṣẹ́jú 3 tó gbẹ̀yìn. Awọ pupa rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, èèpo pòpòrò ọkà bàbà ni wọ́n fi pa á láró. Bí ẹ ò bá rí mozzarella, wàràkàṣì emmental náà ń yọ́, àmọ́ ó ń tètè pọ́n. Ẹ jẹ́ kí písà lo ìṣẹ́jú 4 nínú fúrù kí ẹ tó wọ́n ọn sí i.