Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí lórí ebè ewédú

Ìbéèrè: Ilé ìtura kan níbí ní Ìlọrin ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá sẹ́ kọfí tán, ó máa ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá wálé fún mi, ó ní ajílẹ̀ gidi ni. Mo dà á bo ebè tí mo gbin ewédú sí lẹ́yìnkùlé, ó nípọn tó ìka méjì. Ọjọ́ mẹ́wàá rèé, ewédú ò hù. Àbí ilẹ̀ mi ni kò dáa? (Àlájà kan, Tánkẹ̀)

Ìdáhùn: Àlájà, ẹ má bá ilẹ̀ yín jà. Ọmọ yín ò purọ́, ibì kan ló kù tí kò sọ. Káfíìnì tó ń lé oorun lójú èèyàn kì í tán nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, ó sì lè dí irúgbìn lọ́wọ́ láti hù. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ fìka tẹ orí ebè yẹn wò lọ́sàn-án: ó ti gan pa bí èérí ògì tó gbẹ mọ́ abọ́. Omi tí ẹ bá bù sí i, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà ṣàn lọ. Kí ni hóró ewédú tó kéré báyìí fẹ́ fi ya ìyẹn?

Ẹ wọ́ ọ kúrò, kí ẹ tún ewédú gbìn. Ẹ di hóró rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, kí ẹ sì yọ ọ́ sínú omi tútù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo ibí yìí, tí wọ́n á wá ní ẹyẹ ló ṣà á jẹ.

Oúnjẹ ewéko wà lára kọfí lóòótọ́: nítírójìn, èròjà tó ń mú ewé dàgbà, inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. Àmọ́ àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kó tó kan gbòǹgbò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó jẹrà ná. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé máńgòrò gbígbẹ, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Nínú agbọ̀n 5, kí kọfí má ju 1 lọ. Ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá bù ú fún, kó tutù lọ́wọ́ láìkán. Bí ó bá hu èbu funfun, kò burú. Tó bá tó oṣù mẹ́ta, ó máa dúdú, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀.

Bí ẹ bá ń sin ajá, ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Májèlé ni káfíìnì fún un.

Ata tó ti dàgbà lè gba ẹ̀kúnwọ́ kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí kò tíì jẹrà nísàlẹ̀, kí ẹ fọ́n ọn ká, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bò ó. Ewédú ò sí nínú ìyẹn o.